Ọmọ Ọdún Mélòó Ni Wọ́n Nígbà Tí Wọ́n Kú?

Ó ti tó oṣù méjì báyìí tí ìbéèrè kan ti ń yọ mí lẹ́nu. Kì í ṣe ìbéèrè tó le, kò sì gba ẹ̀rọ olówó gọbọi kí ènìyàn tó lè béèrè rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti tó ẹni tí ń dá lọ sí ilé ìwòsàn ni mo ti ń rí irú rẹ̀ lórí ìwé ìforúkọsílẹ̀: "Ǹjẹ́ àrùn kankan wà nínú ìdílé yín?" Ìgbà gbogbo ni mo máa ń fàlà sí "Rárá". N kò purọ́. Lójú tèmi, àrùn ìdílé ni èyí tó lórúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, bíi fòníkú-fọ̀ladìde. N kò mọ̀ pé bí ọkùnrin mẹ́ta bá kú lójijì nínú ìdílé kan, ikú wọn lè ní orúkọ kan náà.

N kò lè sọ pé wọn kò béèrè. Wọ́n béèrè lọ́pọ̀ ìgbà, ní ilé ìwòsàn tó ju ẹyọ kan lọ. Bí wọ́n ṣe gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ ni kò jẹ́ kí ìdáhùn jáde.

Ọjọ́ tí ìbéèrè náà yí padà

Ẹ̀yìn gìgísẹ̀ tó ń dùn mí ló gbé mi dé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọdún 41 ni mí, mo máa ń rìn dáadáa, mo sì gbà pé bàtà ló ń gún mi. Nọ́ọ̀sì tó gbà mí wọlé jẹ́ àgbàlagbà obìnrin tí kì í kánjú. Ó fi àtàǹpàkò tẹ iṣan ńlá tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ mi, ó tún un tẹ̀, ó sì ní kí n bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kejì. Iṣan méjèèjì nípọn, wọ́n sì ní kókó kéékèèké lára. Mo ti mọ̀ pé wọ́n rí bẹ́ẹ̀ láti bí ọdún mélòó kan. N kò rò pé ó ní ìtumọ̀.

Ó padà sórí àga rẹ̀, ó ṣí ìwé mi, ó sì ka ibi tí mo ti fàlà sí "Rárá". Lẹ́yìn náà ló gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Bàbá yín ńkọ́? Ṣé wọ́n wà láyé?"

"Wọ́n ti lọ, mà."

"Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n nígbà tí wọ́n kú?"

"49 ni, mà."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Kò sí ohun tó ṣe wọ́n, mà. Wọ́n kàn ṣubú lójijì ni."

Ó yàwòrán àpótí kékeré kan sórí bébà funfun, ó fa ìlà gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì kọ 49 sábẹ́ rẹ̀. Ó béèrè nípa àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá. Mo sọ fún un nípa àbúrò bàbá mi ọkùnrin, ẹni tí àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún lóru, tí ilẹ̀ ọjọ́ náà kò sì mọ́ bá a. Ọdún 46. Ó béèrè nípa bàbá tó bí bàbá mi. N kò mọ ọjọ́ orí wọn, ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí wọ́n máa ń sọ nílé, pé irun orí wọn kò tíì funfun nígbà tí wọ́n kú. Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Àpótí ni ó fi ń ṣe ọkùnrin, òbìrí ni ó fi ń ṣe obìnrin. Ó fi ìlà so òbí pọ̀ mọ́ ọmọ, ó sì wá sí ìhà ti ìyá mi pẹ̀lú, níbi tí kò ti sí nǹkan kan tó jọ ìyẹn. Gbogbo rẹ̀ kò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Nígbà tó parí, ó yí bébà náà sí mi kí n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti ṣi ẹnì kan kọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí n ó rí ìdílé mi lójú bébà kan ṣoṣo. Àpótí mẹ́ta tí ìlà gbà kọjá wà lókè. Àpótí tèmi wà nísàlẹ̀ wọn, kò sí ìlà nínú rẹ̀, 41 ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ń wò ó, n kò sì sọ̀rọ̀, nítorí pé gbogbo ohun tó wà lórí bébà náà ni mo ti mọ̀ láti kékeré. Kò sí èyí tó kọ́ mi nínú wọn. Ohun tí n kò ṣe rí ni pé kí n tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

"Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín," ó wí. "Ẹ̀jẹ̀ la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò."

Ohun tí ẹ̀jẹ̀ sọ

Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn oníṣègùn ń pè ní LDL jẹ́ 305 mg/dL lára mi. Bí ó bá ti lé ní 190 lára àgbàlagbà, ó yẹ kí dókítà fura pé àjogúnbá lè wà nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ mi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò jíìnì, èsì rẹ̀ sì bá ohun tí nọ́ọ̀sì náà ti rí lórí bébà mu: àrùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí à ń jogún ni, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní familial hypercholesterolaemia.

Bí dókítà ṣe là á yé mi nìyí. Ẹ̀dọ̀ ló ń kó púpọ̀ nínú LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ara sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ní ohun kan tó dà bí ọwọ́, tí ń di ọ̀rá náà mú tí ó sì ń fà á wọlé. Jíìnì kan ló ń fún ara ní ìlànà bí yóò ṣe mọ àwọn ọwọ́ wọ̀nyí. Ẹ̀dà méjì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá. Èyí tó ti ọ̀dọ̀ bàbá mi wá ní àbùkù, nítorí náà nǹkan bí ìdajì ọwọ́ tó yẹ kó máa ṣiṣẹ́ ni kò ṣiṣẹ́, ọ̀rá sì ti ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Michael Brown àti Joseph Goldstein ló tú àṣírí àwọn ọwọ́ náà, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1985. Kókó tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ mi kì í ṣe ẹ̀bi bàtà. Ọ̀rá ni.

Nǹkan bí ẹnì kan nínú 250 ló ní àrùn yìí. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí ó ń tọ́jú 5,000 ènìyàn ń tọ́jú nǹkan bí 20 lára wọn, bóyá ó mọ̀ wọ́n tàbí kò mọ̀ wọ́n. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, nǹkan bí ìdajì àwọn ọkùnrin tó ní i ni àrùn ọkàn yóò ti kọ lù kí wọ́n tó kọjá ẹni 50 ọdún. Òògùn rẹ̀ kì í ṣe tuntun: hóró statin ni, ó ti wà láti ọdún 1987, ó sì lè dín LDL kù ní nǹkan bí ìdajì. Àbúrò bàbá mi kú lẹ́yìn ọdún yẹn. Mo ti gbìyànjú láti má ṣe máa ro ìyẹn, kò sì ṣeé ṣe.

Ìdí tí "Rárá" fi ń jáde lẹ́nu wa

"Ǹjẹ́ àrùn kankan wà nínú ìdílé yín?" Bí ẹ bá wo ìbéèrè yìí dáadáa, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ dókítà ló gbé lé aláìsàn lọ́wọ́. Ó ní kí ẹni tí kò kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn kọ́kọ́ dá àrùn mọ̀, kí ó fún un lórúkọ, kí ó mọ̀ pé ìran ló ń gbé e, kí ó tó dáhùn. Ṣùgbọ́n ìrántí wa kì í tò bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn la máa ń rántí, àti bí wọ́n ṣe lọ. A rántí ẹni tó fi ọmọ ìkókó sílẹ̀, ẹni tí wọ́n gé ọmú rẹ̀ nígbà tí kò tíì pé ogójì ọdún, ẹni tó sùn tí kò jí. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ohun tó wà lẹ́yìn wa kò sọnù, ọ̀nà tí a óò gbà pè é jáde ni a kò ní.

Ìtàn kan wà tí mo máa ń padà sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1895, dókítà Aldred Warthin ní yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà bá obìnrin aránṣọ kan sọ̀rọ̀, obìnrin náà sì sọ fún un pé òun mọ̀ pé òun kò ní dàgbà, pé jẹjẹrẹ inú, ti ìfun tàbí ti ilé ọmọ ló máa ń pa àwọn ará ilé òun, òun náà yóò sì tọ ọ̀nà wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí: jẹjẹrẹ ilé ọmọ ló pa á. Warthin kò dá ọ̀rọ̀ náà nù. Ó tò ìdílé obìnrin náà sílẹ̀ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní ọdún 1913. Henry Lynch gbé iṣẹ́ náà síwájú lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ìdí nìyẹn tí a fi ń pe àrùn náà ní Lynch. Ọdún 1993 ni àwọn onímọ̀ tó rí MSH2, jíìnì tó wà nídìí àrùn ìdílé náà.

Ẹ jẹ́ kí a ro àwọn ọdún wọ̀nyẹn papọ̀. Nígbà tí obìnrin yẹn ń sọ̀rọ̀, kò tíì sí ẹni tó ń lo ọ̀rọ̀ náà "jíìnì"; ọdún 1909 ni ó tó wọlé sínú èdè àwọn onímọ̀. Kò sí ẹni tó mọ bí DNA, ìyẹn ohun tí a fi mọ jíìnì, ṣe rí títí di 1953. Síbẹ̀ aránṣọ kan ti fi ojú inú ara rẹ̀ rí àrùn náà, ó kù kí ẹnì kan gbọ́ ọ. Ọdún 98 ló wà láàárín ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ àti ẹ̀rí tí ó wá láti yàrá àyẹ̀wò, ohun tó sì sọ kò yí padà.

Ibi tí ìmọ̀ àbùdá ti wúlò jù

Bí a bá dárúkọ ìmọ̀ àbùdá, ìyẹn ìmọ̀ nípa jíìnì àti ohun tí à ń jogún, ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí ẹ̀rọ ńlá àti àwọn amòye inú ilé ìwòsàn gíga. Kò yani lẹ́nu. Iṣẹ́ kíka gbogbo àbùdá ènìyàn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1990, wọ́n kéde pé ó parí ní 2003, ó gba ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè àti owó tí kò lóǹkà. Èmi kò kóyán iṣẹ́ náà kéré. Ṣùgbọ́n ẹni tí amòye máa ń rí ni ẹni tí àrùn ti mú. Àbúrò rẹ̀ tí ara rẹ̀ ṣì le, ọmọ rẹ̀ tó wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìbátan rẹ̀ tó wá yẹ ìfúnpá wò, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ni gbogbo wọn ń lọ. Ibẹ̀ nìkan ni ìmọ̀ yìí ti lè dé ọ̀dọ̀ ènìyàn kí àrùn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìpe ara rẹ̀ lórúkọ. Nígbà tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gún gìgísẹ̀ ọmọ tuntun, tí wọ́n sì kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí bébà, iṣẹ́ tí Robert Guthrie bẹ̀rẹ̀ láyé àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ń ṣe: ó wá ọ̀nà láti mọ àwọn ọmọ tí ara wọn kò lè lo èròjà kan nínú oúnjẹ, kí ọpọlọ wọn tó bàjẹ́. Àrùn àjogúnbá ni, gìgísẹ̀ la ti ń mọ̀ ọ́n, oúnjẹ tí a yàn fún ọmọ náà ló ń gbà á là.

Ọ̀rọ̀ òògùn náà wà níbẹ̀. Ìka kò dọ́gba, ara àwọn tó ń gbe òògùn mì kò sì dọ́gba. Àwọn ènìyàn tó lé ní 400 mílíọ̀nù ni jíìnì G6PD wọn ní àbùkù; òògùn ibà primaquine lè mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ wọn fọ́. Kódéènì ńkọ́? Ara ló ń sọ ọ́ di mọfíìnì kí ó tó lè pa ìrora dáadáa, jíìnì CYP2D6 ló sì ń darí ìyẹn. Àwọn kan wà tí kódéènì kò ràn wọ́n lọ́wọ́ rárá. Àwọn mìíràn wà tí ara wọn ń sọ ọ́ di mọfíìnì yára débi pé èémí wọn lè dúró. Lẹ́yìn tí èyí ti pa àwọn ọmọdé kan, àjọ FDA tó ń bójú tó oúnjẹ àti òògùn ní Amẹ́ríkà sọ ní ọdún 2017 pé kí wọ́n má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 mọ́. Nọ́ọ̀sì tó béèrè pé, "Ǹjẹ́ òògùn kan ti ṣe ẹnikẹ́ni nílé yín bákan rí?" ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àbùdá láìtíì fa ẹ̀jẹ̀ kankan.

Ohun kan tún wà tí wọ́n máa ń gbójú fò, ìyẹn ìhà ti bàbá. Wọ́n ti rí jíìnì BRCA1 ní 1994 àti BRCA2 ní 1995, a sì mọ̀ pé obìnrin tó jogún àbùkù nínú ọ̀kan nínú wọn ní ewu tó lé ní ìdajì láti ní jẹjẹrẹ ọmú nígbà ayé rẹ̀. Bàbá lè gbé e fún ọmọbìnrin rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá ṣe lè gbé e, láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣe bàbá fúnra rẹ̀. Bí a bá bi obìnrin léèrè nípa ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ nìkan, ìdajì ìran rẹ̀ la ti pa tì.

Àwọn ibi tí mo ti ń ṣiyèméjì

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí kó sì sáré ra páálí tí a ń tutọ́ sí fún àyẹ̀wò jíìnì. Ọ̀pọ̀ àrùn tó wọ́pọ̀, bí ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í ṣe iṣẹ́ jíìnì kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ jíìnì ló ń dá díẹ̀díẹ̀ sí i, ìgbésí ayé wa sì ń dá tirẹ̀. Èsì àyẹ̀wò náà lè jẹ́ èyí tí kò sí ẹni tó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Àwọn ènìyàn tí ìran wọn ti Yúróòpù wá ló pọ̀ jù nínú àwọn tí ìwádìí ti yẹ̀ wò, nítorí náà iyèméjì yẹn máa ń pọ̀ fún àwa yòókù. Ìyẹn dùn mí gan-an, nítorí pé ẹ̀rí wà nípa ohun tí gbogbo ayé ń pàdánù. Ní ọdún 2006, Jonathan Cohen, Helen Hobbs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn Adúláwọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n jogún ẹ̀dà jíìnì PCSK9 tí kò ṣiṣẹ́ ní LDL tó kéré, ewu àrùn ọkàn wọn sì fi ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn yòókù. Láti ara ìmọ̀ náà ni abẹ́rẹ́ tuntun fún àwọn tó ní irú àrùn mi ti wá, tí wọ́n fọwọ́ sí i ní 2015.

Àwọn dókítà máa ń sọ pé àkókò kò sí. Mo gbà pé wọn kò purọ́; àwọn tó jókòó dè wọ́n níta pọ̀. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni nọ́ọ̀sì yẹn lò lórí mi, ọ̀rọ̀ náà sì kan ìran mẹ́rin. Mo tún gbọ́ ti àwọn tó ń bẹ̀rù pé ohun tí wọ́n bá kọ sínú ìwé yóò di ohun tí wọn yóò fi dè wọ́n lọ́nà iṣẹ́ tàbí adójútòfò. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2008 dáàbò bo iṣẹ́ àti adójútòfò ìlera, kò sì dé orí adójútòfò ẹ̀mí. Ìbẹ̀rù náà nídìí. Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n, kí ó sì sọ ọ́ fún aláìsàn kí ó tó fa ẹ̀jẹ̀.

Bébà náà lọ́wọ́ mi

Dókítà kò lè pe àwọn ẹbí mi. Àṣírí ìlera mi kì í ṣe tirẹ̀ láti tú. Ó fún mi ní ẹ̀dà bébà náà, ó ní èmi ni n ó gbé e kiri, nítorí pé ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tí mo bá tan lórí ìlà yẹn, bóyá àbúrò tàbí ọmọ, ló ní ìdajì ànfààní láti ní i àti ìdajì láti má ní i. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi kì í sì í ṣe tara mi nìkan.

Àbúrò mi ọkùnrin lọ lọ́jọ́ kejì. Ó ní i. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 12, kò ní i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní i, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ òògùn ní ọdún 15, ó dín ọdún 26 sí ọjọ́ orí tí èmi bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin kò tíì lọ. "Bọ̀dá mi, ẹ má bínú," ó wí fún mi lórí fóònù. "Mo ti ń ṣọ̀fọ̀ Dádì láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún 14. N kò fẹ́ máa ṣọ̀fọ̀ ara mi." Mo mọ̀ pé ó ní ẹ̀tọ́ láti má fẹ́ mọ̀. Bí ó bá jẹ́ Huntington ni, àrùn ọpọlọ àjogúnbá tí a lè mọ̀ ṣùgbọ́n tí a kò lè dá dúró, n kò ní sọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èyí yàtọ̀, hóró òògùn kan wà fún un, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó dákẹ́, ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, a sì sọ nǹkan mìíràn.

Èèyàn 11 tó wà láyé ni ọ̀rọ̀ náà kàn lórí bébà. Àwọn 6 ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, 3 ní i. Èyí tó ń gba oorun lójú mi jù ni ọmọkùnrin tí àbúrò bàbá mi fi sílẹ̀. Ó ti pé ọdún 44. Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mẹrin, fóònù rẹ̀ ń dún, kò gbé e. Mo ti kọ̀wé sí i pẹ̀lú, mo sì fi bí bàbá rẹ̀ ṣe kú sínú rẹ̀, mo kọ 46 sínú rẹ̀. N ó tún pè é ní ọjọ́ Àìkú.